Ẹ̀jẹ̀ Àgùntàn Nínú Lẹ́ǹtì

Wọ́n ní bí èèyàn bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní Paris tiwa yìí, dókítà ni yóò bà, kò sì ní dùn ún, torí kò sí nǹkan kan nínú orí rẹ̀. Ẹ má wò mí báyẹn. Aubine Loriot ni mí, etí odò Seine ni mo ti ń ta páì, bí inú bá sì ń bí mi, ẹnu mi kì í dúró síbì kan. Inú ń bí mi báyìí. Ẹ fìdí kalẹ̀.

Títà ni mò ń ta páì, èmi kọ́ ni mò ń ṣe é. Médard àbúrò mi ló ni iṣẹ́ yẹn. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Nígbà tó máa kú, ààrò kan àti Médard ló fi sílẹ̀ fún mi, àwọn méjèèjì ni kì í tutù. Láàárọ̀, bó bá ti ń po ìyẹ̀fun ni yóò ti máa bú ìyẹ̀fun. Yóò bú igi tí kò gbẹ, yóò bú òjò, yóò bú ológbò, yóò wá bú èmi náà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iyọ̀ lẹ fi sí èyí ni, àbí ẹ kàn fi orúkọ iyọ̀ pè é?" Ariwo rẹ̀ ni àdúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n kò na ọmọ ọlọ́mọ rí, obìnrin tó bá sì bú títí tó fi sunkún, páì ọ̀fẹ́ ni yóò fi bẹ̀ ẹ́, yóò tún máa bú ara rẹ̀ bí obìnrin náà bá lọ tán. Mo fẹ́ràn àbúrò mi. Mo ń sọ ọ́ kedere, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ páì ni mo wá sọ.

Ọ̀dọ̀ Ìjòyè Montrabel ni wàhálà ti wá. Ọkùnrin yìí lówó lọ́wọ́, kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ló bá ń kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ sílé rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Wọn a ti ẹyẹ mọ́ inú ìgò, wọn a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹyẹ a kú, wọn a pàtẹ́wọ́. Ṣíọ̀! Ìyá ìyá mi mọ̀ pé ẹyẹ tí kò bá rí èémí mí yóò kú, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gá àwọn ìránṣẹ́ Ìjòyè wá ra páì ẹran lọ́dọ̀ wa fún ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé yẹn. Kó gba ọjà kó máa lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní èèpo páì wa le bí awọ bàtà àlòkù. Médard gbé páì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde, ó dà á lé e lórí, lórí wíìgì tuntun. Omi ọbẹ̀ ń ṣàn gba etí rẹ̀ wọ ọrùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dé. Wọ́n mú Médard lọ sílé Ìjòyè, mo ń sáré tẹ̀ lé wọn, mo ń pariwo lójú títì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Dókítà Garancier. Ó ga, ó rù, ó gbé imú sókè bíi pé gbogbo wa ń rùn sí i. Ó fọwọ́ tẹ apá àbúrò mi, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, bí alápatà ṣe máa ń yẹ ẹran wò kó tó rà á.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló gbóná," ó ní. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìjòyè, ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá sọ ọ́ di èèyàn jẹ́jẹ́ fún yín. Ta ló ti rí àgùntàn tó ń bú èèyàn rí? Ta ló ti rí èyí tó mutí yó, tó wá ń jowú ìyàwó kiri? Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn mọ́ ju tèèyàn lọ. Ká fa díẹ̀ dànù nínú èyí tó gbóná yìí, ká fi ti ọ̀dọ́ àgùntàn dí i. Ìwà àgùntàn ni yóò máa hù."

Háà! Ẹni tó kàwé ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwa tá a ti ń mu wàrà màlúù láti kékeré, ìwo ni à bá ti hù.

Médard wò ó tìtì. "Dókítà, irun ara rẹ̀ ńkọ́? Ṣé màá hu ìyẹn pẹ̀lú? Òtútù ti ń mú, yóò wúlò."

Ìjòyè ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó yan ọ̀kan, ẹ̀wọ̀n tàbí àgùntàn. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀wọ̀n wa ṣe rí nígbà òtútù, ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọbẹ̀, gbígbé ni wọ́n sábà ń gbé e jáde. Médard yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ki àgùntàn bọ inú páì. Ẹ jẹ́ kí àgùntàn náà wọ inú tèmi lẹ́ẹ̀kan, kó má di pé mò ń rẹ́ ẹ jẹ." Òun ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Lẹ́ǹtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tí a kì í jẹ ẹran, ni wọ́n ṣe é, nígbà tí gbogbo ìlú ń jẹ ẹran bíi pé ẹran fẹ́ tán láyé. Wọ́n so ọ̀dọ́ àgùntàn mọ́ orí tábìlì, wọ́n ta rìbọ́ọ̀nù sí i lọ́rùn bíi pé ìgbéyàwó ló ń lọ. Dókítà la iṣan ọrùn rẹ̀, ó la iṣan apá àbúrò mi, ó fi ọ̀pá fàdákà tín-ín-rín kan so méjèèjì pọ̀. Àwọn àlejò ń na ọrùn. Kò pẹ́ tí Médard fi figbe ta.

"Ooru! Ooru ń gun apá mi o! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn mi ń já!"

Ojú rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó dúdú. Òógùn bò ó, ó bì. Mo ní kí wọ́n yọ nǹkan yẹn lára rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ dì mí mú. Dókítà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní, "ìwà burúkú ló ń jáde yẹn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìtọ̀ Médard dúdú bí èédú tí wọ́n lọ̀ mómi. Mo gbé póò ìtọ̀ náà bó ṣe wà, mo gbé e la ìgboro kọjá, mo gbé e síwájú Dókítà Garancier lórí tábìlì tó ti ń jẹun. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Àkàrà òyìnbó tó fẹ́ fi sẹ́nu dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá gbá mi léjìká. "Ìbínú rẹ̀ nìyẹn, ìyá. Ìbínú ló ń tọ̀ dànù. Lọ dá ọpẹ́."

Ìwà tútù sì dé, àbí kò dé? Médard jí, kò bú ẹnikẹ́ni. Iná ààrò kú, ó ń wò ó. Oníbàárà kan ní páì wa ò jinná, ó ní, "Ẹ má bínú, màámi." Àwọn aládùúgbò wá ń bá mi yọ̀. "Aubine, ẹ kú oríire o! Àbúrò yín ti di ẹni jẹ́jẹ́." Mo ní oríire wo? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìtọ̀ tó ń tọ̀ ò ju kí ó kán tó-tó-tó lọ. Ojú rẹ̀ wú bí ìyẹ̀fun tó gbà sókè. Ẹni tí kò lókun tí yóò fi bínú ni wọ́n ń pè ní oníwà pẹ̀lẹ́! Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí oníwà pẹ̀lẹ́ tó ju òkú lọ láyé yìí.

Inú Ìjòyè dùn dé góńgó. Ó sọ fún gbogbo ìlú pé òun ti wo wèrè sàn. Ó wá ránṣẹ́ pé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ǹtì, kí Médard tún wá, wọn yóò fún un ní ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n fún un tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀ wá wò ó, bó bá sì kọ̀, ẹ̀wọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá tún fa ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àgùntàn kan sí àbúrò mi lára, ó parí.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Dókítà Garancier. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn láti rí mi? Ó rí ẹni tí yóò máa kàwé fún.

"Gbọ́, ìyá," ó ní. "Oúnjẹ tó o jẹ lónìí, yóò la ikùn kọjá, yóò la ìfun kọjá, kó tó di ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ara rẹ. Ìyà gbáà ni! Èmi ò fìyà jẹ ikùn. Mò ń bọ́ ara ní tààrà. Ohun tí mò ń sọ káàkiri Paris nìyẹn: mò ń bọ́ ara ní tààrà!"

"Dókítà, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Oúnjẹ náà ló ń dára sí i lára. Ó ń sanra."

Sanra! Mo dìde nílẹ̀, mo gbọn eruku orúnkún mi dànù, mo lọ sílé.

Lẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nínú Lẹ́ǹtì, ẹja nìkan ni a lè fi ṣe páì, àwọn aṣọ́ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń ṣọ́ ohun tí à ń jẹ, sì ń káàkiri, wọ́n ń gbóòórùn ààrò oníṣẹ́ páì bí ajá. Èyí tó ń ṣọ́ àdúgbò wa wá ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ki orí bọ ààrò mi.

"Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń gbóòórùn yìí, Aubine, àbí bọ́tà?"

"Bọ́tà ni."

"Ó ń rùn bí ọ̀rá. Bí mo bá rí ọ̀rá tó tó orí èékánná báyìí nínú páì yìí, ilé Fáda ni a ó ti sọ ọ́."

Mo ti la ẹnu láti ṣépè fún un nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀rá tó tó orí èékánná di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó fẹ́ da ẹ̀jẹ̀ odidi àgùntàn sí àbúrò mi lára nínú Lẹ́ǹtì ńkọ́? Mo fi aṣọ́ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pẹ̀lú orí nínú ààrò, mo sáré lọ sílé Fáda Lubin.

Fáda Lubin sanra, ó fẹ́ràn oúnjẹ, torí náà Lẹ́ǹtì máa ń bà á nínú jẹ́. Ó jókòó ti ọbẹ̀ ẹ̀wà kan, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀tá. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Kò kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó gbọ́, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Aubine, tún un sọ. Ó ní òun ń kí ni?"

"Bíbọ́, Fáda. Ó ní òun ń bọ́ ara ní tààrà."

"Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́? 'Bọ́'?"

"Káàkiri Paris ló ti ń sọ ọ́."

Ẹ ò rí ojú Fáda! Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn jìn ín, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan tó ní láárí, àfi ẹni tó fẹ́ mọ iye tí sísin òkú jẹ́. Ó ń wá fìlà rẹ̀ kiri, orí rẹ̀ ni fìlà náà wà.

Sátidé dé. Wọ́n gbé Médard jókòó lórí àga láàárín yàrá ńlá Ìjòyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi tí a fi aṣọ wé e dípò bàtà. Àgùntàn mìíràn ti wà nílẹ̀ tòun ti rìbọ́ọ̀nù. Dókítà Garancier ń yí Médard po. "Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, ọkùnrin yìí ló da páì gbígbóná lé èèyàn lórí. Kí ẹnì kan bú u!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ léèsì jáde síwájú. "Ìwọ ọ̀bùn yìí, páì rẹ burú."

"Ẹ ṣeun, sà," Médard wí. Ojú rẹ̀ ń pa dé.

Wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ẹyẹ inú ìgò. Mo fẹ́ bú sẹ́kún, ìbínú ni ò jẹ́.

Ìgbà yẹn ni Fáda Lubin tẹ̀ síwájú. "Dókítà, wọ́n ní ẹ ń sọ pé ẹ ń bọ́ ara ní tààrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Fáda!" Dókítà gbé àyà sókè. "Ọgbọ́n tèmi nìyẹn."

"Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?"

"Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn."

"Àgùntàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Nínú omi ni wọ́n ti ń pa ìyẹn ni, àbí lórí ilẹ̀?"

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn àlejò. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Dókítà yára dáhùn pé kò gba ẹnu wọlé, kò sì kan eyín. Fáda ní, "Olè tó gba ojú fèrèsé wọlé, ṣé kì í ṣe olè ni? Ẹ fẹ́ bọ́ ọmọ ìjọ mi lẹ́ran nínú Lẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n mi ò le koko o. Ìjọ gba aláìsàn láyè kó jẹran, bí dókítà rẹ̀ bá fẹnu sọ pé àìsàn ń ṣe é. Ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo wa, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣé aláìsàn ni?"

Dókítà wo Ìjòyè. Ìjòyè wo Dókítà. Gbogbo ìlú ni wọ́n ti sọ fún pé ó ti sàn.

"Ara rẹ̀ le," Dókítà wí. "Mo ti wò ó sàn."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Fáda wí. "Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í jẹran nínú Lẹ́ǹtì."

Mo fẹ́ fò sókè. Mo ti ń na ọwọ́ sí Médard pé kó dìde ká máa lọ. Kí ni mo gbọ́? Ohùn Ìjòyè ni, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹja ńkọ́?"

Yéè! Ọgbọ́n tí mo ta, ó tún yí padà dì mọ́ mi lọ́rùn. Dókítà Garancier pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹja! Ìjòyè, ẹ gbọ́n jù mí lọ! Ẹja tutù ju àgùntàn lọ. Ẹja kì í bú èèyàn, kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀!" Fáda ò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé ìjọ tó ta ko ẹja. Wọ́n sáré lọ sí ilé ìdáná, wọ́n gbé ẹja odò ńlá kan wá nínú agbada, èyí tí Ìjòyè ìbá jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ṣì ń jà.

Ẹ bá mi wo ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ẹja. Ó fẹ́ dì í mú, ó yọ̀ bọ́. Ó tún un mú, ẹja fi ìrù gbá a létí, wíìgì rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ìránṣẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Ó fi ọ̀bẹ wá iṣan nísàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, ó gún un níhìn-ín, ó gún un lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ tó jáde ò tó ohun tí wọ́n lè fi kun ètè, ó sì dì kó tó dé ẹnu ọ̀pá fàdákà. Ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Àwọn obìnrin ń fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹ̀rín. Dókítà àgbà kan tó ti kórìíra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fi òróró díẹ̀ sí i, Garancier, kẹ́ ẹ kúkú dín in!"

Dókítà Garancier sọ ọ̀bẹ mọ́lẹ̀. Ó tàpá sí agbada. Ó bú ẹja, ó bú àwọn ìránṣẹ́, ó bú ìyá dókítà àgbà.

"Dókítà," èmi náà ò lè mú un mọ́ra, "àgùntàn ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ fa díẹ̀ sára."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ó yíjú sí mi, itọ́ ń ta sí mi lára. "Ìwọ obìnrin òpònú yìí! O rò pé mo ń ṣeré? Aláìsàn ni! Ó ń kú lọ! Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, omi ti kún ẹsẹ̀ rẹ̀, láti àárọ̀ ọjọ́ tó o gbé póò wá ni mo ti mọ̀! Fáda, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo yín, aláìsàn ni, ẹ yọ̀ǹda ẹran fún un, kí n ráyè fi ẹ̀jẹ̀ tuntun fọ èyí tó bàjẹ́!"

Ẹ̀rín dá. Ó mọ̀. Ó mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ó sì ní kí n lọ dá ọpẹ́.

Fáda Lubin ti funfun lójú. Ó wo Ìjòyè, ẹni tí òun máa ń jẹun lórí tábìlì rẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Bó bá jẹ́ aláìsàn… ó lè jẹran." Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí mo sá lọ bá nìyẹn. Dókítà gbé ọ̀pá fàdákà rẹ̀ nílẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ìpẹ́ kúrò lára rẹ̀. Mo lọ dúró síwájú àga àbúrò mi, mo na ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti jáde, ohùn tó ti ha. "Mi ò jẹ."

Gbogbo wọn wò ó. Médard ti la ojú. "Mo ní mi ò jẹ. Mo ń gbààwẹ̀."

Médard! Ẹni tí ò tíì gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo láti ìgbà tí wọ́n ti rì í bọmi! Ó wo Fáda, ó wo Dókítà, ojú rẹ̀ wá rí bó ṣe máa ń rí bí ìyẹ̀fun bá bàjẹ́. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, Fáda? Ṣé ẹ ó fi tipá bọ́ mi ni, ẹ̀yin ọ̀lẹ tí ò mọ ẹja-á pa yìí?"

Fáda ní rárá, a kì í fi tipá bọ́ ẹni tó ń gbààwẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ràn ọ̀nà àbáyọ yẹn. Dókítà àgbà tó wà lẹ́yìn ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó tó di ọ̀la, gbogbo Paris yóò ti gbọ́ nípa ẹja. Ìjòyè gbọ́ ọ. Ó gbé ọwọ́ bojú. "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi," ó ní. Kò dárúkọ ẹ̀wọ̀n mọ́.

Mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nílé, torí òtútù ń mú un. Ìtọ̀ ti dá pátápátá. Oorun ni ó ń sùn, èémí rẹ̀ ń rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ń po ìyẹ̀fun fúnra mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n. Omi yẹn pọ̀ jù. Ta ló kọ́ yín nírú ìranù yẹn?" Inú mi dùn débi tí mo fi tún bu omi sí i, kó lè máa bú mi lọ. Ó bú mi dáadáa. Ó ní ọwọ́ mi dà bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ òkú. Èmi ń da omi, òun ń bú mi, ìyẹ̀fun yẹn di ẹ̀kọ. Nígbà tí mo bu omi tó kù, kò bú mi mọ́.

Dókítà Garancier ò jókòó sílé. Ó ń lọ láti ilé ọlọ́rọ̀ kan sí ìkejì, ó ń sọ pé òun ì bá gba Médard là, Lẹ́ǹtì ni ò jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Fáda Lubin nínú ju ẹran lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gun orí àga ìwàásù, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ará, ẹ wo Médard Loriot, oníṣẹ́ páì, ẹni tí wọ́n gbé ìwòsàn fún níbi tí ẹran wà, tó sì yàn láti kú ju kó ba Lẹ́ǹtì jẹ́. Ààwẹ̀ ló kú sí!" Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn tó máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ burú ni o!

Mo dìde. "Irọ́ ni! Àgùntàn ló pa á! Garancier ló fà á sí i lára, Ìjòyè ń wò ó, ẹ̀yin náà sì ti yọ̀ǹda kí wọ́n tún un ṣe!"

"Aubine, jókòó," Fáda wí pẹ̀lú àánú. "Ọ̀fọ̀ ló ń dà ọ́ láàmú."

Aṣọ́ṣọ́ọ̀ṣì ń fà mí láṣọ. Mi ò jókòó. Wọ́n kọrin, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n parí Mísà, orí ìdúró ni mo wà. Nígbà tí a jáde, àwọn obìnrin tò sójú ọ̀nà, wọ́n ń na ọwọ́ kan etí aṣọ mi, pé ẹ̀gbọ́n ẹni mímọ́ ló ń kọjá. Mo gbá ọwọ́ wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bú gbogbo wọn títí mo fi délé.